Àìlera Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti máa kọ sínú ìwé kúẹ̀rì, kò sì sí èyí tó rọrùn láti kọ tó o: "Òṣìṣẹ́ yìí kò fẹ́ ṣiṣẹ́." Kò gba ẹ̀rí kankan. Fóòmàn á ní òun fi ojú òun rí i tó jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àpò. Mánéjà á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn kúẹ̀rì mẹ́ta, ìwé "máa lọ sílé" á dé.

Ẹgbẹ́ kì í gbèjà ọ̀lẹ. A ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà, tàbí ká sọ pé ìdílé àìsàn kan ni, tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí aráyé ń rí lára ẹni tó ń ṣe ni pé kò lè gbé nǹkan mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná. Kò wú. Kò ní egbò. Ó lè sanra kí ara rẹ̀ sì máa dán, síbẹ̀ bó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, àfi kó di irin mú. Ẹran ara tí a fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń bá jà. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka yìí fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé, kí ẹnikẹ́ni tó kọ kúẹ̀rì ọ̀lẹ fún òṣìṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ń dín kù, kí dókítà kọ́kọ́ rí onítọ̀hún.

Kì í sì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ló ń dá irú ẹjọ́ yìí. Nídìí ẹ̀rọ àti ní gáréèjì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni náà ń dá a. Wọ́n á ní ọtí ló ti jẹ ẹ́ lára. Wọ́n á ní obìnrin ló gba agbára rẹ̀, tàbí pé ọfà ni wọ́n ta á lójú oorun. Nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti ná gbogbo owó tó ní sórí ọ̀ṣẹ dúdú, ààwẹ̀ àti ètùtù, àìsàn sì ti ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ tí a ń bá ṣiṣẹ́. Páànẹ́lì wà níbì kan, òun ló ń pàṣẹ. Wáyà gbé iná láti páànẹ́lì lọ sí ìdí mọ́tò. Ibi tí wáyà ti kan mọ́tò, kọ́ńtáàtì wà níbẹ̀. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń yí. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé ẹ̀rọ yìí ti ya ọ̀lẹ. Á yẹ̀ ẹ́ wò níbì kọ̀ọ̀kan: ṣé páànẹ́lì ni, ṣé wáyà ni, ṣé kọ́ńtáàtì ni, àbí mọ́tò gan-an ló jó? Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn rí. Ọpọlọ ni páànẹ́lì. Iṣan tó ń ru àṣẹ ọpọlọ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wáyà. Ẹran apá, ẹran itan, ẹran èjìká, èyí tó ń sún kì láti fa eegun, òun ni mọ́tò. Èdè wa máa ń da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. A ń pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, a ń pe èyí tó ń ru àṣẹ ní iṣan, a sì tún ń pe ẹran tó yọ lápá alágbára ní iṣan. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, bí a bá ti ní ẹran ara, mọ́tò là ń wí.

Ibi tí àìlera ti bẹ̀rẹ̀ máa ń sọ púpọ̀ fún dókítà. Bí páànẹ́lì bá bàjẹ́ lójijì, bíi ti rọpárọsẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀gbẹ́ kan ara ló sábà máa ń rọ, ẹnu á wọ́, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Ìyẹn kò gba dúró-dè-mí rárá, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí wáyà bá ń bàjẹ́, ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà, á máa ta onítọ̀hún bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, tàbí kí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́tò, ibi tí ẹran ti pọ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ: itan, ìdí, èjìká. Ara kì í kú; bí o bá fọwọ́ kàn án, ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí yóò máa sọ ni pé bí òun bá lóṣòó, òun kò lè dìde mọ́, pé òun kò lè gbé ẹsẹ̀ wọ dáńfó, pé òun kò lè gbé ọwọ́ sókè sá aṣọ sórí okùn. Obìnrin á ní òun kò lè di irun ọmọ òun tán kí apá òun tó sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́ tó ti ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ láti Sàngó dé Ọ̀ṣòdì lọ́dún márùn-ún á kàn rí i pé ọwọ́ òun ń yọ̀ kúrò lára irin.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àárẹ̀ o. Ẹni tó ṣe ṣíìfù méjì léra wọn, tó jẹ búrẹ́dì kan ṣoṣo láti àárọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá jẹun, tó sùn, á padà bọ̀ sípò. Ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú kó rẹni. Ti ẹran ara yàtọ̀: ohun tí o lè gbé lóṣù tó kọjá, o kò lè gbé e lóṣù yìí, o sì ti sinmi, o sì ti jẹun.

Lórí ọ̀rọ̀ wáyà, ilẹ̀ wa ní ìtàn tó yẹ ká mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmèsì-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1935, tó sì kú ní 1995, wà lára àwọn tó fi ìdí ẹ̀kọ́ àìsàn ọpọlọ àti iṣan múlẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ará ẹkùn Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú tàbí etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà á ní ẹmu ló ń pa wọ́n. Ọ̀ṣúntókun ní rárá. Ó tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tó tó, àti oró tó máa ń ṣẹ́ kù nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí bí oró náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ọ̀mùtí ni àwọn ènìyàn náà. Ní àárín àwọn ọdún 1980, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n bi ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 léèrè láti mọ irú àìsàn ọpọlọ àti iṣan tó wà láàárín wọn. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè rìn láti ojúlé dé ojúlé kó tó sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn, kí ló dé tí fóòmàn fi lè mọ̀ ọ́n látinú fèrèsé ọ́fíìsì?

Wáyà yìí kan náà ni òjé ń bàjẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, láti Ọ̀tà títí dé Ògíjo, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òjé ń bá èéfín àti eruku wọ ara. Bó bá pọ̀ lára, inú á máa run, orí á máa fọ́, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, nígbà tó bá sì yá ọrùn ọwọ́ lè máa so rọ̀ bí ìgbà tí ẹyẹ bá ṣẹ́ lọ́rùn, tí onítọ̀hún kò ní lè gbé e sókè. Ó tún ń tẹ̀lé aṣọ iṣẹ́ lọ sílé lọ bá àwọn ọmọ, tiwọn sì burú ju ti àgbà lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi òjé hàn. Ilé iṣẹ́ tó bá ń yọ́ òjé, tí kò sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ wò, mọ ohun tó ń sá fún.

Ká wá kan kọ́ńtáàtì. Àìsàn tó ń bá ibẹ̀ jà ni àwọn dókítà ń pè ní myasthenia gravis, òun sì ni ọ̀gá àwọn àìsàn tó ń kó kúẹ̀rì bá òṣìṣẹ́. Ohun tó ń fà á ni pé àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ti ṣìnà, ibi tí iṣan ti kan ẹran ara ni wọ́n wá ń bá jà. Àṣẹ ọpọlọ á dé, kò ní rí ẹni gbà á. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìpéǹpéjú kan tàbí méjèèjì á máa bọ́ sílẹ̀, tàbí kí ènìyàn máa rí ohun kan ní méjì. Lẹ́yìn náà ẹnu lè máa rẹ̀ ẹ́ bó bá ń jẹ ẹran, ohùn rẹ̀ á gba imú jáde, ọrùn kò ní lè gbé orí. Ohun tó wá jẹ́ àràmàǹdà rẹ̀ ni pé bí o bá ṣe ń lo ara tó ni yóò ṣe máa rọ tó, bí o bá sinmi á tún gbé díẹ̀. Òwúrọ̀ ẹni náà máa ń dára ju ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ fojú inú wò ó níwájú ọ̀gá. "Báwo lo ṣe gbé àpò mẹ́wàá ní aago méje, tí o kò wá lè gbé ẹyọ kan ní aago méjì?" Kò sí ẹ̀tàn tó jọ ẹ̀tàn bí òtítọ́ ẹni yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, gba kúẹ̀rì méjì pé ó ń sùn nídìí ẹ̀rọ. Ó ní òun kò sùn, ìpéǹpéjú òun ló ń bọ́. Fóòmàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwa aṣojú jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ohun kan ṣoṣo la tọrọ: kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì kí dókítà fi rí i. Wọ́n fún wa, pẹ̀lú ìkùnsínú. Dókítà ní kó wòkè láìṣẹ́jú fún ìgbà díẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Wọ́n gbé yìnyín lé e, ó sì tún gbé sókè. Orúkọ àìsàn wà nínú ìwé tó mú bọ̀. Wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka ọjà, ó wà lórí oògùn, ó sì ń gba owó oṣù rẹ̀ títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Àìsàn yìí ní oògùn. Ní 1934, obìnrin dókítà kan tó ń jẹ́ Mary Walker, ní ilé ìwòsàn àwọn tálákà ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fún aláìsàn irú èyí ní abẹ́rẹ́ kan tí agbára rẹ̀ sì padà fún wákàtí díẹ̀. Látinú iṣẹ́ rẹ̀ ni oògùn pyridostigmine tí wọ́n ń lò lónìí ti ṣẹ̀. Oògùn mìíràn tún wà tó ń mú kí àwọn ọmọ ogun tó ṣìnà wọ̀nyí rọlẹ̀, iṣẹ́ abẹ náà sì wà fún àwọn kan. Owó nìkan kò tó láti lé e lọ, nítorí Aristotle Onassis, ọlọ́kọ̀ ojú omi ará Gíríìsì tó lówó ju ọ̀pọ̀ ìjọba lọ, òun náà ní i títí tó fi kú ní 1975. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìtọ́jú déédéé lè ṣiṣẹ́, kó sì tọ́mọ.

Níbí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ. Àwọn oògùn kan wà tó lè gbé ẹni tó ní àìsàn kọ́ńtáàtì yìí ṣubú pátápátá: kuináìnì àti kulorokúìnì tí a ń lò sí ibà, abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin, àti ciprofloxacin tí a ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì bí ẹni ra tọ́mọ́-ń-tọ́mọ́. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń bọ́, tó wá lọ gba abẹ́rẹ́ ibà ní ẹ̀yìn ọjà, lè má lè mí mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ará ilé á ní ibà ló pa á. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ó ní in, kó kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé pélébé kan, kó máa gbé e sápò, kó sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un ní oògùn. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí itọ́ kò gbé mì mọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ ń kúrú, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹni tó bá ń rí tirela kan ní méjì kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ọkọ̀ títí dókítà yóò fi ní ó tó.

Mọ́tò gan-an ni ó kàn báyìí, àwọn ọmọ wa la ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Àìsàn kan wà tó máa ń mú àwọn ọmọkùnrin kéékèèké, wọ́n fi orúkọ dókítà ará Faransé kan, Duchenne, tó ṣàlàyé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, pè é. Nínú bí ọmọkùnrin 3,500 sí 5,000, ó ń mú ẹyọ kan. Ọmọ náà á pẹ́ kó tó rìn, á máa ṣubú léraléra. Bó bá jókòó sílẹ̀ tó fẹ́ dìde, á fi ọwọ́ ti orúnkún, á fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á tóbi, àwọn ènìyàn á sì ní agbọ́ọ̀lù ni ọmọ yìí máa gbá. Nígbà tó bá fi máa di bí ọmọ ọdún 12, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè rìn mọ́, lẹ́yìn náà ó ń kan ọkàn àti èémí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ẹran ara, ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bíi ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ ọkọ̀, kí fífà àti sísún má ba ẹran jẹ́. Ara ọmọ yìí kò lè ṣe ṣọ́ọ̀kì náà. Ní 1986 àti 1987 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ibi tí àṣìṣe yẹn wà nínú ohun tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí.

Lọ́dọ̀ ìyá ló sábà máa ń gbà wá, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe ìyá. Ṣùgbọ́n nínú bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan wà tí kò jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àṣìṣe tuntun ni. Ọkọ tó bá lé ìyàwó rẹ̀ jáde pé àjẹ́ ni, ó lé ẹni tó kù tí ìbá máa gbé ọmọ náà dìde. A kò tíì rí oògùn tó ń wò ó tán. Prednisolone láti ọwọ́ dókítà ń fa ọjọ́ rírìn rẹ̀ gùn sí i, nína ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lójoojúmọ́ sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fàṣẹ sí ìtọ́jú tuntun kan tí owó rẹ̀ lé ní 3 mílíọ̀nù dọ́là fún ọmọ kan, ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ díẹ̀ tó gbà á sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi kú. Kí ẹnikẹ́ni má wá sí Sàngó wá ta omi inú ìgò fún yín pé òun ní i.

Prednisolone tí a dárúkọ yẹn, àti dexamethasone tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ni àwa òṣìṣẹ́ ń gbé mì fúnra wa nítorí ara ríro, tàbí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí dókítà, ojú rẹ̀ á wú, ìtọ̀ ṣúgà lè dé, ẹran itan rẹ̀ á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú. Bó bá sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kó má ṣe já a dà sílẹ̀ lójijì, ìyẹn náà lè pa á. Dókítà ni yóò máa dín in kù fún un.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ń gbà ba mọ́tò jẹ́. Ní 1941, nígbà tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ń wó ilé lu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà Bywaters àti Beall ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n yọ lábẹ́ àwókù ilé, tó dà bí ẹni pé wọ́n ti bọ́, máa ń kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹran ara tí nǹkan wúwo ti tẹ̀ ló ń tú oró sínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Òṣìṣẹ́ tí àpò sìmẹ́ǹtì tàbí irin wó lé lẹ́sẹ̀ tó sì há síbẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu kan náà, bí eegun rẹ̀ kò bá tilẹ̀ kán. Ooru pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekúdórógbó lè fà á bákan náà, ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin mọ ohun tí à ń sọ. Àmì rẹ̀ ni pé ẹran á máa dun ènìyàn gidigidi, á rọ, ìtọ̀ á sì dúdú bíi kóòkì. Ẹni tó bá tọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe àgbo jẹ̀dí. Omi tútù nídìí iṣẹ́ àti ìsinmi láàárín ooru kì í ṣe oore tí ọ̀gá ń ṣe wá.

Àwọn yòókù, a ó kàn fọwọ́ bà wọ́n. Ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ń jẹ ẹran ara. Bẹ̀lẹ̀jẹ̀ ọ̀fun, ìyẹn gẹ̀gẹ̀, bó bá ń ṣiṣẹ́ jù tàbí tí kò ṣiṣẹ́ tó, ń mú ẹran rọ. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ kára, tó jẹ oúnjẹ tó wúwo lálẹ́, jí lọ́wọ́ ìdájí kó má lè gbé ẹsẹ̀, nítorí iyọ̀ kan tó ń jẹ́ potassium ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láàárín àwọn ará Éṣíà ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹ̀yà mìíràn. Ìyàgbẹ́ tó le náà ń mú iyọ̀ yìí lọ sílẹ̀. Oríṣi kan sì wà tí ọmọ ogun ara ń bá ẹran jà, tí ara máa ń yọ nǹkan pupa lójú àti lórí oríkèé ìka, ìyẹn náà ní oògùn bí a bá tètè rí i.

Níbo wá ni ká lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀tà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, FMC ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, tàbí UCH. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CK: bí ẹran ara bá ń jó, ó sábà máa ń ga. Ẹ ní kí wọ́n wo potassium àti ti gẹ̀gẹ̀. Àwọn yòókù, dókítà àìsàn iṣan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ, àgbo pẹ̀lú.

Òfin ò sì fi wá sílẹ̀ pátápátá. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́, ní kí òṣìṣẹ́ tí dókítà kọ ìwé fún máa gba owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún kan nígbà àìsàn. Employees' Compensation Act ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí NSITF, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó wa, kí wọ́n lè tọ́jú ẹni tí iṣẹ́ pa lára tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá. Àìsàn àjogúnbá kò sí nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n òjé, kẹ́míkà, àti irin tó tẹ ènìyàn wà níbẹ̀. Ọjọ́ 14 ni o ní láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu lásán sọ ọ́. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 sì ní ẹni tó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ bíi ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí apá rẹ̀ kò gbé àpò mọ́ lè ka àpò. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ ń rí méjì lè máa kọ orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bí wa nínú ni ti àwọn káṣúà. Ọmọkùnrin kan ń bẹ tí òun náà ń rọ, ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ mìíràn tí a kò ní dárúkọ. Kò gba kúẹ̀rì kankan. Wọ́n kàn sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kó má ṣe wá lọ́la. Kò sí ìwé tí a lè fi gbèjà rẹ̀, kò sí ọjọ́ àìsàn, kò sí NSITF tó mọ orúkọ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Mélòó nínú yín ló ti ṣe ọdún mẹ́ta láìrí i? Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tí a gbà ní tòótọ́ tó ń wo káṣúà níran kò mọ̀ pé ara tiẹ̀ náà lè rọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, nínú ìjíròrò tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ohun mẹ́ta la ó gbé síwájú wọn. Kí kúẹ̀rì ọ̀lẹ má jáde láìsí ìwé dókítà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹni tí agbára rẹ̀ ti dín kù lọ sí iṣẹ́ tó lè ṣe kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Kí orúkọ àwọn káṣúà wọ inú ìwé NSITF. Ẹni tó bá ní kúẹ̀rì lọ́wọ́ báyìí lórí ọ̀rọ̀ pé kò lè gbé nǹkan, tàbí pé ó ń sùn nídìí ẹ̀rọ, kó mú un wá fún aṣojú ẹ̀ka rẹ̀ kó tó kọ èsì. Kó mú ìwé ìwòsàn dání bó bá ní i, bí kò bá sì ní, kó tètè wá kí a lè jọ lọ gbà á.